Iyanrìn Funfun Lẹ́yìn Oko Ìrèké

Nígbà tí òtútù bá mú gan-an ní ilẹ̀ Kánádà, tí yìnyín sì bo ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọkọtaya a máa tu owó tí wọ́n ti fi pamọ́, wọn a sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Varadero, ìlú kékeré etí òkun ní ìhà àríwá Kúbà, níbi tí ilẹ̀ ti na ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka wọ inú omi fún nǹkan bí ogún kìlómítà. Iyanrìn ibẹ̀ funfun, ó kúnná, omi rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ dé àyà ṣì ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ibi tí Varadero jẹ́ ní láti kọ ẹ̀yìn sí òkun fún ìgbà díẹ̀, kí ó wo inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, síhà Cárdenas àti Matanzas, níbi tí oko ìrèké ti lọ salalu, nítorí láti inú oko wọ̀nyẹn ni owó tí ó kọ́kọ́ kọ́ ilé sí orí iyanrìn yìí ti wá, ọwọ́ tí ó sì ro àwọn oko náà, ọwọ́ àwọn ìbátan wa pọ̀ nínú rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà sí ara ògiri ihò àpáta tí à ń pè ní Ambrosio ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, a kò sì rí i títí di ọdún 1961. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì gba erékùṣù náà, iyọ̀ ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi tí ó ń ru wúrà àti fàdákà lọ sílé kò lè rìn láìní ẹran tí a fi iyọ̀ pa. Kò sí ẹni tí ó ronú nígbà náà pé ènìyàn lè mú ìyàwó rẹ̀ wá sí irú ibi bẹ́ẹ̀ fún ìgbádùn.

Ìrèké ni ó yí nǹkan padà. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, agbègbè Matanzas ni ó ń pèsè ju ìdajì gbogbo ṣúgà Kúbà lọ, Kúbà ni ó sì ń ta ṣúgà jù ní gbogbo ayé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà ni Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, tí ogun abẹ́lé sì ń jà láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ wa; àwọn tí ogun kó, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Kétu, ni a ń dè ní ìdè dé etí omi ní Èkó, ní Àgbádárìgì àti ní Ouidah, tí a sì ń kó wọn kọjá òkun lọ síbi tí orúkọ wọn di Lùkùmí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú oko Triunvirato ní Matanzas dìde sí àwọn olówó wọn. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Carlota, tí ìtàn pè ní ọmọ Lùkùmí, wà níwájú wọn pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ojú ìjà náà ni ó sì kú sí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Sípéènì gbẹ̀san lára gbogbo aláwọ̀ dúdú agbègbè náà, ẹrú àti ẹni òmìnira. Wọ́n ń de ènìyàn mọ́ àkàsọ̀, wọ́n ń nà án ní pàṣán, títí tí Kúbà fi sọ ọdún náà ní ọdún pàṣán.

Síbẹ̀, bí onírèsé kò bá fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbé Yemọja Àwòyó àti Olókun kọjá omi, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n dó ní Matanzas, níbi tí ìyá àgbà kan tí ń jẹ́ Ferminita Gómez ti pa ìsìn Olókun àti ìlù rẹ̀ mọ́ títí tí ó fi fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 1950. Ó yẹ kí á rò ó dáadáa: òkun kan náà ni, omi kan náà tí ọlọ́rọ̀ ń wẹ̀ ní Varadero ni omi tí àwọn ọmọ Lùkùmí ń bọ ní Matanzas, ibi méjèèjì kò sì jìnnà sí ara wọn.

Ní ọdún 1886 ni a fòpin sí oko ẹrú ní Kúbà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1887, kò tíì pé ọdún kan àti oṣù mẹ́ta sí i, ìdílé mẹ́wàá láti Cárdenas, àwọn ẹni tí ọwọ́ wọn tẹ ẹnu, gba àṣẹ láti tẹ ìlú kan dó sí Varadero, kí àwọn àti aya wọn lè máa rí ibi wẹ̀ nígbà ooru. Èmi kò lè ka ọdún méjèèjì yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó ṣúgà ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ṣúgà ti sọ di ènìyàn ńlá, ni a fi kọ́ ilé pákó pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tí ó kọjú sí omi. Láti ọdún 1910 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n díje níbẹ̀ lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ Havana ń wá wò ó, àwọn kan nínú wọn sì ń ti ibẹ̀ rí ẹni tí wọ́n máa fẹ́.

Ẹni tí ó wá sọ Varadero di ilé ọlọ́rọ̀ pátápátá ni Irénée du Pont, ará Amẹ́ríkà, ọmọ ìdílé tí ó fi ẹ̀tù ìbọn là. Ó ra ilẹ̀ tí ó pọ̀ jọjọ ní apá ìlà-oòrùn ìlú náà, ó sì kọ́ ilé ńlá kan tí ó parí ní ọdún 1930, tí ó pè ní Xanadú: pákó olówó iyebíye ni òrùlé inú rẹ̀, dùùrù ńlá olópòó wà nínú rẹ̀, pápá gọ́ọ̀fù sì wà níta. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì Internacional ṣí ní ọdún 1950, tọkọtaya Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó lè jẹun àárọ̀ ní Florida kí wọ́n sì wẹ òkun Varadero kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Aláwọ̀ dúdú ni ó ń fọ abọ́, òun ni ó ń tẹ́ ibùsùn, òun ni ó ń lu ìlù lálẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ti dá etí òkun pín fún ara wọn kò jẹ́ kí ó mú ìyàwó tirẹ̀ wá jókòó níbẹ̀. Gbogbo Kúbà ni ó mọ ìtàn pé Fulgencio Batista, tí ó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, tí ó sì ní àṣẹ ikú àti ìyè lọ́wọ́, kò rí ààyè nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ ti Havana, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dúdú wà lára rẹ̀. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọba, kí ni a ó ṣe sí ẹni tí ń gé ìrèké?

Batista sá lọ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1959. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni ìjọba Fidel Castro ṣe òfin kan tí ó sọ gbogbo etí òkun Kúbà di ti gbogbo ènìyàn. A wó ọgbà, a ṣí ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún kan náà ni afárá Bacunayagua, tí ó ga ju mítà 100 lọ lókè àfonífojì, parí lójú ọ̀nà Havana sí Matanzas, tí ìrìn-àjò sì dẹrùn fún ẹni tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì. Èyí tí ó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ ìgbà náà kéré lójú ẹni tí kò ronú: ní ọdún 1960, a kọ́ ọgbà kan sí Varadero pẹ̀lú àpótí onílẹ̀kùn 8,000, kí ẹni tí kò ní ilé níbẹ̀, tí kò sì lè san owó yàrá, lè bọ́ aṣọ rẹ̀ kó sínú rẹ̀, kí ó wẹ òkun ní àlàáfíà, kí ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 1961 ẹ̀wẹ̀, inú òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọlọ́rọ̀ wọ̀nyẹn ni a kó àwọn ọ̀dọ́ sí láti kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìwé kíkà. Orúkọ Conrado Benítez ni a fi pe ẹgbẹ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ bíbí Matanzas, tí àwọn ọ̀tá ìjọba pa níbi tí ó ti ń kọ́ ènìyàn ní ìwé.

Láti ìgbà náà lọ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, hanimúùnù di ohun tí òṣìṣẹ́ Kúbà ń retí. Àwọn tí wọ́n bá so yìgì ní ààfin ìgbéyàwó tí ìjọba ṣí yóò ra ọtí bíà àti kéèkì ní iye tí ìjọba dá, wọn yóò fi ìwé ìgbéyàwó wọn gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ díẹ̀, owó pẹ́sò tí wọ́n ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọn yóò sì fi san án. Ọmọ ẹni tí ó gé ìrèké, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gba pàṣán lórí àkàsọ̀, gbé aya rẹ̀ sùn nínú yàrá tí ó kọjú sí òkun, ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé kí ni ó wá ṣe. Ìjọba yẹn ní àléébù tirẹ̀, àwọn tí ó lé kúrò nílùú àti àwọn tí ó tì mọ́lé mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ti yàrá yìí, iṣẹ́ rere ni.

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká ní ọdún 1991, epo kò dé mọ́, oúnjẹ wọ́n, iná ń kú lójoojúmọ́, ohun tí Kúbà ń pèsè lọ́dún sì dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Etí òkun wà lára ohun díẹ̀ tí ó kù tí a lè fi wá dọ́là. Àwọn oníṣòwò Sípéènì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba dá òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní Varadero. Castro fúnra rẹ̀ ni ó ṣí Sol Palmeras ní ọdún 1990. Àwọn tọkọtaya Kánádà, Jámánì àti Ítálì rọ́ dé, ṣùgbọ́n ọmọ Kúbà, bí ó tilẹ̀ ní owó lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ wọ̀ sí yàrá níbẹ̀. Àwọn ọmọ Kúbà fúnra wọn ni ó pè é ní àpátáìdì. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí ebi mú wá ni mo mọ̀ ọ́n sí, síbẹ̀ ìwọ̀sí ni. Ó dun ni pé láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n wó ọgbà náà ni a ti tún un mọ.

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2008, Raúl Castro, àbúrò Fidel tí ó gba ipò rẹ̀, mú òfin tí kò jẹ́ kí ọmọ Kúbà gba yàrá wọ̀nyẹn kúrò. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà kò tó dọ́là 20, owó yàrá kan fún òru kan sì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ní ìbátan ní Miami tí ń fi owó ránṣẹ́, àti àwọn tí wọ́n ṣí ilé oúnjẹ tiwọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Láàrin ọdún díẹ̀, ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí ooru tiwọn ti dé bá àwọn ará Kánádà nílé, tọkọtaya Kúbà pọ̀ nínú àwọn tí ń gba yàrá. Àwọn tí kò rí i san ń wọ bọ́ọ̀sì láti Cárdenas àti Matanzas ní ìdájí, ìrẹsì àti ẹ̀wà wà nínú abọ́ wọn, nítorí yàrá ni a ń sanwó rẹ̀ ní Varadero, a kì í sanwó iyanrìn.