Àfikún tuntun lára ilé àtijọ́ l'Abẹ́òkúta

Àfikún ni yàrá, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ tàbí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ mọ́ ilé tó ti wà tipẹ́. Kò ṣàjèjì sí Ẹ̀gbá. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, bí ìdílé bá ṣe ń pọ̀ ni agboolé ń fẹ̀: ọmọ gbéyàwó, wọ́n mọ yàrá sí i. Nígbà náà, amọ̀ kan náà ni ti àná àti ti òní, nítorí náà wọn kì í bára wọn jà. Àwọn Sàró tó ń ti Freetown bọ̀ wálé láti nǹkan bí 1839, àti àwọn Àgùdà láti Brazil, ló mú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbilẹ̀. Páànù tó ti dípẹtà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àlejò kọ́kọ́ ń rí láti orí Olúmọ.

Sìmẹ́ǹtì ló dá wàhálà sílẹ̀. Ògiri alámọ̀ máa ń mu omi, bí oòrùn bá ràn, a sì gbẹ. Bí bírikìlà bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi á há sínú, ẹsẹ̀ ògiri á máa jẹrà lábẹ́ ohun tó ń dán. Ilé búlọ́ọ̀kù wúwo, ó sì máa ń rì níwọ̀n tirẹ̀; tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti amọ̀ pinpin, ojú ìsopọ̀ ni yóò sán. Ayàwòrán ilé tó mọṣẹ́ á fún àfikún ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, á sì fi páànù bò ó. Síbẹ̀, ibi tí òrùlé méjì ti pàdé ni kí onílé máa ṣọ́ lásìkò òjò.

Ọ̀rọ̀ ẹbí le ju ti ògiri lọ. Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ yìí, ojú oórì bàbá ńlá sì lè wà nínú yàrá. Ọmọ tó wà lókè òkun lè fowó ara rẹ̀ kọ́ yàrá mẹ́ta mọ́ ọn, ṣùgbọ́n lójú òfin, ti ẹbí ni. Kò lè dá a tà. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí. Àwọn kan ti kan òrùlé tán kí wọ́n tó gbọ́ èyí.

Ìjọba náà ń ṣe àfikún: ní 2006 ni àtúnṣe Olúmọ fi ẹ̀rọ agbéniròkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, àtẹ̀gùn òkúta àtijọ́ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ gùn ún. Ṣùgbọ́n àfikún ní ààlà: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1979 ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé tí ìjọba náà ti kéde pé ó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kéde ilé kan tó ń jẹ́ Ilojo Bar l'Ékòó ní 1956, ní gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá. Síbẹ̀, wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016.