Ọkàn Tí Kò Balẹ̀ àti Inú Rírun

Bí inú bá ń run ọmọ iléekéú ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, àwọn kan a ní irọ́ ló ń pa. Àwa olùkọ́ Lárúbáwá kò gbà bẹ́ẹ̀. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ ńlá tí wọ́n kú ní 934, ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn, Masalih al-Abdan wal-Anfus, pé ara àti ọkàn so kọ́ra. Bí ọ̀kan bá dààmú, èkejì kò ní gbádùn.

Ní 1822, ìbọn dá ihò sí ikùn Alexis St. Martin ní Amẹ́ríkà, ihò náà kò sì dí. Ibẹ̀ ni dókítà William Beaumont ń gbà wo bí oúnjẹ ṣe ń dà (sùúrù aláìsàn náà pọ̀ o!). Nínú ìwé rẹ̀ ti 1833, ó ní bí ìbínú tàbí ẹ̀rù bá dé, awọ inú ikùn a máa pọ́n, a sì gbẹ nígbà mìíràn; omi tí ń da oúnjẹ a sì dín kù. St. Martin kò kúkú sọ ọ́ fún un. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i.