Ojú Wo Ni Ìbùkún Ní?

Ojú kan ladá ń ní. Bó bá ti di olójú méjì, ó ti di idà. Ẹni tí ń sọ ọ̀tọ̀ níwájú, tí ń sọ ọ̀tọ̀ lẹ́yìn, ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n òwe náà kò bú idà. Ohun tó ń wí ni pé ẹni tó bá pọ́n ẹ̀yìn àdá bó ṣe pọ́n ojú rẹ̀ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ì báà máa pè é ní àdá títí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Kádínà Víctor Manuel Fernández, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Vatican, gbé ìwé Fiducia Supplicans jáde pẹ̀lú àṣẹ Póòpù Francis. Ìwé náà ní àlùfáà Àgùdà lè súre fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tí ń fẹ́ra wọn. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2021, ọ́fíìsì kan náà ti ní Ìjọ kò ní agbára láti súre fún irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, torí Ọlọ́run kì í bù kún ẹ̀ṣẹ̀.

Ọgbọ́n wo ni ìwé kejì dá tí kò fi tako ti àkọ́kọ́? Ó pín ìbùkún sí méjì. Èyí tó wà nínú ìlànà ìsìn kò ṣí sílẹ̀ fún wọn. Èyí tí ènìyàn lè tọrọ nígbà tó bá pàdé àlùfáà, tàbí nígbà ìrìnàjò mímọ́, ni wọ́n lè gbà. Kò gbọdọ̀ ní àdúrà àkọsílẹ̀, kò gbọdọ̀ bá ayẹyẹ ìgbéyàwó kóòtù rìn, kò sì gbọdọ̀ sí aṣọ ìyàwó níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2024, Vatican fi kún un pé àdúrà náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí 15 lọ. Àwọn ènìyàn náà là ń súre fún, a ò fọwọ́ sí àjọṣe wọn. Lójú Fernández, ojú kan ṣoṣo ni àdá rẹ̀ ní.

Àmọ́ ohun tí ará ìjọ fojú rí ló mọ̀: olólùfẹ́ méjì dúró pọ̀, àlùfáà sì ń gbàdúrà fún wọn. Ìdí nìyí tí Kádínà Fridolin Ambongo ti Kinshasa fi buwọ́ lu ìwé kan ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní náà, lórúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà àti Madagascar, pé irú ìbùkún yìí kò yẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí ó má baà da ọkàn àwọn onígbàgbọ́ rú.

Àwọn Áńgílíkà ti rìn ní ọ̀nà yìí ṣáájú. Nígbà tí ẹ̀ka New Westminster ní Kánádà fọwọ́ sí irú ìsúre yìí ní ọdún 2002, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Peter Akinola, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó ta kò ó jù lọ. Ní ọdún 2008, òun náà wà níwájú GAFCON, ìpàdé àwọn Áńgílíkà tó ta kò ó, ní Jerúsálẹ́mù. Ní England, ọjọ́ kan péré ṣáájú ìwé Vatican ni Ìjọ Áńgílíkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nínú ìsìn. Síbẹ̀ àlùfáà wọn kò lè so ọkùnrin méjì pọ̀ ní ìgbéyàwó.

Ìjọ Lutheran ti Sweden ti ń so irú wọn pọ̀ ní ìgbéyàwó láti ọdún 2009. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí ọ̀kan fẹ́ ni èkejì kórìíra, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ méjèèjì mọ ibi tí wọ́n dúró. Róòmù àti Canterbury, ìyẹn Ìjọ Áńgílíkà ti England, ló kù tí ó yẹ ká bi léèrè. Bí àdúrà náà bá ń dúpẹ́ fún ìfẹ́ àwọn méjèèjì, ó ti kan àjọṣe wọn, ẹ jẹ́ ká sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oore-ọ̀fẹ́ láti yí padà nìkan ló ń tọrọ, ẹ sọ ìyẹn náà síta. Ẹni tó tẹrí ba níwájú àlùfáà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bá a bẹ Ọlọ́run fún, kó tó ṣe àmín.