Ọ̀rọ̀ kan tó gbẹ́ odò sórí Mars
Ní 1877, Giovanni Schiaparelli, onímọ̀ ìràwọ̀ ní ìlú Milan, rí àwọn ìlà tínínrín lára Mars, ó pè wọ́n ní canali. Ní èdè Ítálì, ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ ojú àgbàrá tí omi fúnra rẹ̀ là, ó sì lè jẹ́ èyí tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́. Canals ni Gẹ̀ẹ́sì mú, ohun tí kò lè wà láìsí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹ ò rí nǹkan! Percival Lowell kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sí Flagstaff, l'Amẹ́ríkà, ní 1894, ó ní àwọn ará Mars ló ń fa omi yìnyín wá sóko.

Alfred Russel Wallace, bàbá ẹni ọdún 84, ló kọ̀wé ta kò ó ní 1907. Ṣé omi tiẹ̀ lè dúró níbẹ̀? Ó ní òtútù ibẹ̀ pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní 1965, Mariner 4 ya fọ́tò Mars: kòtò ló kún ibẹ̀, kò sí odò kankan. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò wúwo tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Mars kéré, òòfà tó ń dáàbò bo afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti kú, oòrùn sì gbá èyí tó pọ̀ lọ.

Àmọ́ Mariner 9 rí ojú àgbàrá gbígbẹ níbẹ̀ ní 1972, omi ló là á. Kì í kúkú ṣe àwọn ìlà Schiaparelli o.