Bí Ènìyàn Ṣe Ń Jáde Láàyè Nínú Ilé Spencer

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn tí ń mú irun orí dìde, ẹ sún mọ́ ibí! Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ìlú Osaka, ní ilẹ̀ Japan, ọkùnrin kan wà tó kórìíra kí nǹkan dẹ́rù bà á. Shinji Mikami ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Capcom ló ti ń ṣiṣẹ́, géèmù ọmọdé bíi Aladdin àti Goof Troop ló sì ti ń ṣe bọ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Tokuro Fujiwara, ń wá ẹni tí yóò ṣe géèmù tí yóò máa já àyà eléré, kò wá akọni rárá. Ojo ló wá. Fujiwara ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ká ní Mikami sọ pé ẹ̀rù kì í ba òun ni, òun kò ní gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá tíì gbọ̀n rí, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ń mú ẹlòmíràn gbọ̀n?

Fujiwara fúnra rẹ̀ ti ṣe géèmù kan ní ọdún 1989 tó ń jẹ́ Sweet Home, níbi tí ènìyàn márùn-ún ti wọ ilé abàmì, tí ẹni tó bá kú nínú wọn sì kú náà nìyẹn. Láti ara irúgbìn yìí ni igi Mikami ti hù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1996, igi náà so: Biohazard ni wọ́n ń pè é ní Japan, Resident Evil ni gbogbo ayé tó kù mọ̀ ọ́n sí. Orí ẹ̀rọ PlayStation ló ti kọ́kọ́ jáde, àwọn tó rà á sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Púpọ̀ nínú wọn ni òkú àkọ́kọ́ nínú ilé náà pa jẹ.

Òru ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1998 ni ìtàn inú rẹ̀ bọ́ sí. Àwọn ọlọ́pàá àkànṣe kan tí wọ́n ń pè ní S.T.A.R.S. wọ igbó Arklay láti wá àwọn ẹgbẹ́ wọn tó sọnù. Ajá tí ẹran ara rẹ̀ ti jẹrà lé wọn, wọ́n sá, wọ́n sá, wọ́n já sí ilé Spencer. Ilé ńlá! Ilé tí àtùpà ń jó nínú rẹ̀ tí a kò rí ẹni tó tàn án! Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì pọ̀ ju àánú tó wà níbẹ̀ lọ!

Ní ẹnu ọ̀nà, géèmù náà yóò bi yín léèrè: ta ni ẹ fẹ́ jẹ́ nínú àwọn ọlọ́pàá náà, Chris Redfield tàbí Jill Valentine? Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, kó mú Jill, kó má wo ojú ẹnikẹ́ni. Chris lágbára, ara rẹ̀ ń gba ìyà, ṣùgbọ́n ẹrù mẹ́fà péré ló lè gbé, ọ̀bẹ nìkan ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Jill ń gbé mẹ́jọ, ó ní ìbọn ìléwọ́, ó ní irin tí a fi ń ṣí àgádágodo, ó sì ní Barry Burton, ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Barry wà fún. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìjẹun, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń jẹ nǹkan. Ó gbọ́ ìró yín. Ó yí orí padà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ẹnu rẹ̀: òkú ni, òkú tó ń rìn! Ẹnikẹ́ni tó bá ti ta géèmù ogun rí yóò fa ìbọn yọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fà á. Ẹ yí padà, ẹ sáré lọ bá Barry nínú gbọ̀ngàn. Òkú náà yóò tẹ̀ lé yín, Barry yóò fi ìbọn ràgàjì rẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ọta Barry ló ná, kì í ṣe tiyín.

Gbogbo ọgbọ́n ilé náà wà nínú ìyẹn. Ọta tó wà níbẹ̀ ní iye, òkú tí ẹ bá sì pa kì í já ohunkóhun sílẹ̀ fún yín, kò sí ọta, kò sí oògùn, kò sí ẹ̀bùn. Ẹ náwó, ẹ kò rí ọjà. Bí yàrá bá fẹ̀, ẹ yí òkú ká, ẹ bá tiyín lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí ẹ mọ̀ pé ẹ ó tún gbà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà nìkan ni kí ẹ fọ̀ mọ́. Bí òkú bá sì ṣubú, ẹ má tètè fò ó kọjá. Títí tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣì lè di ẹsẹ̀ yín mú kó bù yín jẹ.

Páàdì pàápàá yóò kọ́kọ́ dà bí ọ̀tá. Bí ẹ bá tẹ òkè, Jill yóò lọ síbi tí ojú tirẹ̀ kọ sí, kì í ṣe òkè tẹlifíṣọ̀n. Kámẹ́rà kì í tẹ̀ lé yín kiri. Ó dúró ní igun, ó ń wò yín láti òkèèrè. Mikami ti kọ́kọ́ fẹ́ kí eléré máa fi ojú ẹni inú géèmù ríran, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ ìgbà náà kò gbé e dé ibi tó fẹ́, ni wọ́n bá ya àwọn yàrá náà bí àwòrán, tí ènìyàn wá ń rìn lórí rẹ̀. Nítorí náà ohun tó wà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí ló ń rí i. Ẹ dúró, ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí fèrèsé rẹ̀ tò lọ. Èmi kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, àyàfi pé ajá mọ bí a ṣe ń gba inú gíláàsì wọlé.

Láti séèfù, táípùráítà ni ẹ ó lò, ríbọ̀n kan fún ẹ̀ẹ̀kan, ríbọ̀n náà sì ní iye. Ẹni tó ń séèfù lẹ́yìn gbogbo ilẹ̀kùn yóò dé ibi tó le jù láìní ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ táípùráítà ni àpótí wà, ìyanu gidi sì ni àpótí náà: ohun tí ẹ bá jù sínú ọ̀kan, nínú òmíràn ní òdìkejì ilé ni ẹ ó ti bá a. Ẹ má ṣe gbé gbogbo ohun ìní yín kiri bí ẹni tí ń kó kúrò nílé, nítorí àyè tó ṣófo ni ẹ ó fi mú kọ́kọ́rọ́ tuntun. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí, géèmù fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín. Ẹ sọ ọ́ nù.

Ewé tútù ń wo ọgbẹ́. Ewé pupa nìkan kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pò ó mọ́ ewé tútù, ara yóò dá ṣáṣá. Ewé búlúù wà fún oró, àmọ́ oró ejò ńlá orí àjà, èyí tó ń jẹ́ Yawn, kò gbọ́ tirẹ̀. Oògùn abẹ́rẹ́ ló ń wò ó.

Ìbọn shotgun kan sì wà tó fi ara kọ́ ògiri. Ẹ mú un, ilẹ̀kùn yàrá tó tẹ̀ lé e yóò tì, àjà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sórí yín! Barry ló ń fọ́ ilẹ̀kùn gba Jill. Chris kò ní Barry. Àfi kó kọ́kọ́ wá shotgun kan tó ti bàjẹ́ rí, kó fi rọ́pò rẹ̀ lórí ìkọ́. Bí ìbọn náà bá ti dọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí òkú súnmọ́ yín, ẹ na ìbọn sókè, ẹ yìn ín. Orí òkú náà yóò lọ.

Ní ọdún 2002, Mikami padà wá tún ilé náà kọ́ lórí ẹ̀rọ GameCube. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìgboyà, wọ́n dá òkú lulẹ̀, wọ́n kọjá. Nígbà tó pẹ́, òkú wọ̀nyẹn jí! Ara wọn ti pọ́n, èékánná wọn ti gùn, wọ́n sì ń sáré. Àfi kí ẹ ti da kẹrosíìnì sí wọn lára kí ẹ dáná sun wọ́n, tàbí kí orí wọn ti fọ́. Kẹrosíìnì náà sì ní iye! Lójú tèmi, kò sí ìwà ìkà tí géèmù kan tíì hù tó mọ́gbọ́n wá tó èyí.

Bí ẹ bá yè gbogbo rẹ̀, ẹ ó dé orí òrùlé nígbà tí bọ́ǹbù tí yóò fọ́ ilé náà ti ń ka ìṣẹ́jú, abàmì ńlá tó ń jẹ́ Tyrant yóò fò jáde, Brad Vickers, awakọ̀ òfuurufú ẹgbẹ́ yín, yóò sì ju ìbọn arọ́kẹ́ẹ̀tì sí yín láti inú hẹlikọ́pítà. Ẹni tó bá sì parí rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta, wọn yóò fún un ní ìbọn yẹn nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọta tí kì í tán.