Ọjọ́ Ẹtì Tí Aago Issaba àti ti Brussels Jọ Lu Méjìlá

Aago márùn-ún ìdájí

Ọyẹ́ mú débi pé ètè ń la ní Issaba, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, 31 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ilẹ̀ dúdú wa, tó máa ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò, ti gbẹ, ó sì ti sán bí gìgísẹ̀ arúgbó. Àbúrò ìyá mi ti jí. Ìyá Aláta ni n ó máa pè é. Ó tan iná fóònù sórí àpò ata gbígbẹ mẹ́ta tó wà ní igun yàrá, ó ti ọwọ́ bọ èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì gbé ọwọ́ náà sí imú. Ata ti ń bu.

Ìlaròó, ní Nàìjíríà, ni oníbàárà rẹ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, bó bá jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, yóò ti dé kí wọ́n tó kírun alẹ́, òun pẹ̀lú ọṣẹ àti ṣúgà tó rà bọ̀, àti náírà nínú ìgbànú. Ní 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Wọ́n ní ìrẹsì fàyàwọ́ àti ohun ìjà ló fà á. Wọn kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú, wọn kò sì dá ọjọ́ tí yóò ṣí. Ní ìdájí tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ 164 ló ti kọjá.

Aago méje àárọ̀

Ìròyìn tí rédíò kọ́kọ́ kà kì í ṣe tiwa. Wọ́n ní lóru òní ni Ìlú Ọba yóò jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwọn mínísítà Boris Johnson, olórí ìjọba wọn, ń lọ ṣèpàdé ní Sunderland, níbi tí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ti sọ pé kí wọ́n jáde. Aago mọ́kànlá alẹ́ ní London ni wọ́n dá, èyí tó jẹ́ aago méjìlá òru ní Brussels. Mo wo aago ara ògiri wa. Lásìkò òtútù wọn, aago Brussels àti ti Benin kò fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ síra. Bí ọjọ́ bá ṣe ń yí lọ́dọ̀ wa ni wọn yóò ṣe máa jáde lọ́hùn-ún.

Ìyá Aláta bi mí pé kí ni wọ́n tilẹ̀ ń jà sí. Mo sọ fún un pé wọ́n dìbò ní 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016, àwọn tó ní kí wọ́n jáde jẹ́ 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ní kí wọ́n dúró jẹ́ 48.1. Láti ìgbà náà, nǹkan bí ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà: ta ló lè wọlé wá ṣiṣẹ́, ọjà wo ni kò ní san owó ibodè, ta ló ni ẹja inú òkun, báwo ni wọn yóò ṣe ṣe ààlà Ireland. Olórí ìjọba méjì, David Cameron àti Theresa May, ló ti bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ọjọ́ ìjáde síwájú.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Wọ́n bi wọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Àwọn mẹ̀kúnnù náà?"

Mo ní ẹni tó bá ti dàgbà, tó sì forúkọ sílẹ̀, wọ́n bi í. Ó dákẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni mo gbé kiri títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Aago mẹ́wàá

Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń kọjá láti Onigbolo, eruku rẹ̀ ń bo àwa tá a wà létí títì. Àwọn ọlọ́kadà kò ní ohun púpọ̀ láti ṣe, nítorí epo kpayo tó ń ti Nàìjíríà wọlé ti wọ́n. Láti oṣù Kọkànlá, ìjọba Nàìjíríà kò jẹ́ kí wọ́n gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò bá jìnnà tó ogún kìlómítà sí ààlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí Onigbolo díẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wa ló wà. Ní àwọn ọdún 1970, Benin àti Nàìjíríà jọ dáwó ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn ni. Ọjà Nàìjíríà ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àsìkò náà ni wọ́n dá ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó, ní 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, tí àwọn òbí wa sì gbà gbọ́ pé ààlà yóò di ìtàn. Ní 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari ti ẹnubodè, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1986. Ilé iṣẹ́ wà lápá ibí, ọjà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ wà lápá ọ̀hún. Buhari yìí kan náà ló tún wà lórí oyè ní 2019.

Èyí tó dùn mí jù kò tilẹ̀ pẹ́. Ní 7 oṣù Keje ọdún 2019, ní Niamey, Benin àti Nàìjíríà jọ fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ gbogbo Áfíríkà lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ 44 lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn pa dé.

Aago méjì ọ̀sán

Àwọn àgbà ti kí Jímọ̀ tán, wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Bàbá kan níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ààlà kì í ṣe tuntun fún àwa Ọ̀họ̀rí. Ní Paris, oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ni àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín wa sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí Ọ̀họ̀rí kọ̀ fún Faransé ní 1914 sí 1915, ọ̀pọ̀ sá gba apá Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá náà kò ka ìwé yẹn. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ la wà tí ìbátan wa kan fi pè láti apá Ìlaròó. Ó ń gbin ìrẹsì. A gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní kí wọ́n má ṣí ẹnubodè náà rárá. Ó ní ìrẹsì Thailand àti Íńdíà tó ń gba Kútọnu wọ Nàìjíríà ló ti ń pa ọjà òun láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, àti pé Kérésìmesì tó kọjá yìí ni òun kọ́kọ́ san gbèsè tán.

"Ẹ̀yin ará ọ̀hún, ẹ kì í gbin ìrẹsì tí ẹ ń tà fún wa," ló wí.

Ìyá Aláta gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ata ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé Thailand ni mo ti ká a?"

Ọmọkùnrin náà kò fèsì kíákíá. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Tiyín yàtọ̀."

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó sì yẹ kó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó ti lé ní ogójì ọdún tí ECOWAS ti fẹnu kò, ní 1979, pé irè oko tí wọ́n gbìn ní orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà kò gbọdọ̀ san owó ibodè. Ẹni tó fẹ́ mú onífàyàwọ́ ìrẹsì lè yẹ ẹrù wò. Kò yẹ kó ti ilé mọ́ aláta.

Aago méje alẹ́

Ní Brussels, wọ́n ti ń sọ àsíá Ìlú Ọba kalẹ̀. A jẹ ẹ̀kọ.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ìpè London wọlé lórí WhatsApp. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ni, ọmọ bàbá kan náà. Wọ́n bí èyí àgbà sí Ìlaròó, ìwé Nàìjíríà ló ní. Wọ́n bí èyí àbúrò sí Issaba. Paris ló kọ́kọ́ gbé, ó sì ti di ọmọ Faransé kó tó sọdá sí London. Peckham ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Lọ́jọ́ ìdìbò 2016, òfin gba ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ láyè láti dìbò, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Kọ́mánwẹ́ẹ̀tì. Kò gba ọmọ Faransé láyè. Bọ̀dá àgbà wọlé, ó dìbò. Àbúrò dúró síta dè é. Ìlà tí wọ́n fà gba inú oko wa ní 1889 ló tẹ̀ lé wọn dé ibi àpótí ìbò yẹn.

Kí wọ́n jáde ni Bọ̀dá àgbà dìbò fún. Ó tún un sọ fún mi lálẹ́ náà láìfi bò. Ó ní wọ́n fi físà ìyàwó òun nílẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá wá láti Yúróòpù kàn ń gbé báàgì wọlé ni. "Kí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo wa."

Àbúrò dáhùn lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Bọ̀dá, èmi náà ni báàgì yẹn." Ó ti ń kọ fọ́ọ̀mù tí yóò fi gba àṣẹ láti máa gbé ibi tó ti ń sanwó orí.

Ìdá 72.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní Southwark, tí Peckham wà nínú rẹ̀, ló ní kí wọ́n dúró, nítorí náà àwọn bíi Bọ̀dá kéré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yìí wà láàárín àwọn ọmọ wa tó wà nílé aṣòfin Ìlú Ọba nígbà náà pàápàá. Nínú ẹgbẹ́ Conservative kan náà, Kemi Badenoch fara mọ́ ìjáde, Bim Afolami sì fẹ́ kí wọ́n dúró.

Wọ́n jiyàn fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo gbọ́ tí Bọ̀dá ń gbá tábìlì. Mo tún gbọ́ tí ó ń bi àbúrò rẹ̀ bóyá yóò fi ẹran sí i. Mi ò dá sí i. Ìlara wọn ló ń ṣe mí, nítorí ẹni tí wọ́n bi léèrè ló ń rí ọ̀rọ̀ ṣe àríyànjiyàn lé lórí tó báyìí.

Aago mọ́kànlá alẹ́

Johnson bá àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn kún iwájú ilé aṣòfin pẹ̀lú Nigel Farage tó ti ń jà fún ìjáde, àwọn kan sì tan àbẹ́là ní Edinburgh. Lálẹ́ yìí kan náà, nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run Washington, ìròyìn kan tún bọ́ sílẹ̀: Donald Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní rí físà ìgbélùú gbà mọ́. Ìbátan wa olóko ìrẹsì ní ọmọ kan tó ń dúró de físà yẹn. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò sọ̀rọ̀ ìrẹsì mọ́.

Aago méjìlá òru

Agogo ńlá London wà lọ́wọ́ àtúnṣe, ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n fi lù ú. Ó jáde gbọnmọgbọnmọ láti inú rédíò kékeré wa. Ìyá Aláta kò sùn. Ó ń ṣa ata tó bu kúrò lára èyí tó ṣì dára.

"Wọ́n ti jáde?"

Mo ní wọ́n ti jáde.

"Ẹnubodè Ìdíìrókò ńkọ́? Aago mélòó ni wọ́n dá fún un?"

Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí i. Lóru ọjọ́ Ẹtì náà, mi ò rí èsì kankan fún un. Mo pa rédíò, mo sì fa àwo ata kejì sọ́dọ̀ ara mi.