Ẹ̀rọ Ìgékoríko àti Ẹ̀rọ Ìlọta

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wà ní Apple Junction, níbi tí àwọn ará Festac àti ti Amuwo-Odofin ti ń wọ ọkọ̀, mò ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ sí Mile 2. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Katakata kékeré kan ni ó gbé sẹ́yìn, irú èyí tí ènìyàn ń jókòó lé láti fi gé koríko pápá. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ìjókòó rẹ̀ ti ya, ọ̀kan nínú àwọn táyà iwájú kò sì sí mọ́. Ọkùnrin tí ó fẹ́ rà á lejú koko, nítorí kò jọ ohun tí ènìyàn ń fi owó rà. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ó mú wá, bàbá kan tí orí rẹ̀ ti funfun, kò wo ọ̀dà rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi sípánà lu ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí sí i, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sanwó fún un. Irin ni eléyìí."

Mo mọ̀ pé ọmọ iléèwé kan yóò nawọ́ sókè báyìí pé, "Tíṣà, ṣé kì í ṣe irin ni gbogbo ẹ́ńjìnnì ni?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Láyé àtijọ́, wọn a máa yọ́ irin dúdú bí omi, wọn a dà á sínú àwòṣe tí a fi iyanrìn ṣe, bí ó bá sì tutù, ó di ara ẹ́ńjìnnì tí ó nípọn tí ó sì wúwo. Bí písítìnnì bá jẹ inú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n mú inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kí a sì fi písítìnnì tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Irin bẹ́ẹ̀ kì í dún woroworo bí agolo. Bí ó bá sì ti sán níbì kan, ohùn rẹ̀ yóò sọ, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò amọ̀ tí ó sán ti ń sọ fún obìnrin tí ó bá ta á ní ìka lọ́jà. Ohun tí bàbá yẹn ń gbọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú òde òní, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, bí ó bá sì ti bàjẹ́, kò ní ibi tí a lè dì mú láti tú u.

Níbo wá ni irú ẹ̀rọ yìí ti ṣẹ̀? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, nítòsí ìlú kan tí ń jẹ́ Stroud, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ olówùú àgùntàn. Bí wọ́n bá hun aṣọ náà tán, irun a máa yọ lára rẹ̀, wọn a sì fi ẹ̀rọ kan tí abẹ rẹ̀ ń yí bírí rẹ́ irun náà kí ó lè dán. Oníṣẹ́ irin kan tí ń jẹ́ Edwin Budding wò ó títí, ó sì rò ó pé ohun tí ń gé irun aṣọ kò ní ṣàì gé irun ilẹ̀. Dòjé gígùn ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ń gé koríko nígbà náà, bí àwa náà ti ń fi àdá gé e. (Ta ni nínú wa tí kò gé koríko iléèwé rí nítorí pé ó pẹ́ dé?) Ní 31 oṣù kẹjọ 1830 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ní òru ni ó máa ń dán an wò, kí ojú má baà rí i. Ọgbà ẹranko tí ó wà ní Regent's Park ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á.

Ènìyàn ni ó ń tì í nígbà náà. Ó di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì kí katakata kékeré tí a ń jókòó lé tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. International Harvester gbé Cub Cadet jáde fún 1961, John Deere sì gbé 110 jáde ní 1963. Títí di òní, àwọn kan wà níbẹ̀ tí ń fi irú wọn gé koríko, nítorí pé wọ́n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe katakata oko.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí fún àwa Yorùbá ṣì kù. Budding kò dúró sí Stroud. Ó lọ sí Dursley, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ó ń bá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Lister ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1846. Ọmọ George yìí, Robert Ashton Lister, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1867. Ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn rí! Ilé iṣẹ́ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ́ńjìnnì onídísù kan láti 1929, tí ó ní ribiti irin ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a ń fi ọwọ́ yí títí yóò fi dáhùn. Kò ní bátìrì, kò béèrè iná mànàmáná, omi inú dúrọ́ọ̀mù ni ó ń mú un tutù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa ni ó jẹ́ pé irú ẹ́ńjìnnì Lister ni ó kọ́kọ́ bá wọn lọ ata, tí ó bá wọn lọ èlùbọ́, tí ó sì bá wọn rin gbágùúdá. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Rajkot ní Íńdíà ń ṣe èyí tí ó jọ ọ́, ìyẹn náà sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ mú sílétì yín, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Lister oníwọ̀n kékeré tí mo ń wí yìí ń yí nǹkan bí ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì kékeré tuntun ń yí tó 3,000. Ní wákàtí kan, èyí àtijọ́ yí ìgbà 39,000, èyí tuntun sì yí ìgbà 180,000. Èwo ni ara rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ohùn wọn kò fi jọra: èyí tuntun ń han goorogo, àgbà ń dún dù, dù, dù, bí ẹni tí kò kánjú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ọ̀kan ní Ọ̀tà. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ yẹn ni ó fi ń san owó iléèwé ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ẹnìkan wá sọ fún un pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti di ti ayé Nóà, pé tuntun kò wúwo, kò sì ń jẹ́ kí apá ro ènìyàn. Òtítọ́ ni ó sọ. Yíyí irin yẹn kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bẹ́líìtì rẹ̀ tí ń fò láìní ìbòrí sì ti gbá ọmọ iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rí. Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó sunwọ̀n, n kò ní purọ́ fún yín. Wọ́n wọn ẹ̀rọ náà lórí ìwọ̀n fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, bí ẹni wọn èèpẹ̀.

Èyí tuntun kò rí òjò ọdún kẹta. Ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ kò sí lọ́jà, a sì wá a títí dé Trade Fair ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí a kò ti í wá nǹkan tì nínú ohun ẹ̀yà ọkọ̀. Àbúrò mi, ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn, fi odidi ọdún kan jókòó sílé kí ó tó padà sí kíláàsì. Ìyá Ẹlẹ́rọ kò bá ẹni tí ó gbà á nímọ̀ràn jà. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé, "Wọn ò bi mí bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn bi mí pé ó ti pẹ́ tó."

Wọ́n kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún FESTAC tí a ṣe láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nínú ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island, tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Ibi èbúté bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àlòkù ilẹ̀ òkèèrè ti ń wọlé wá. Tòkunbọ̀ ni a ń pè wọ́n, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Ohun tí ẹnìkan jù nù ní ilẹ̀ mìíràn ń di ohun tí bàbá kan ń fi sípánà lù lẹ́bàá títì.

Lóṣù tó kọjá ni mo lọ bẹ iléèwé kan wò ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn ilé: dù, dù, dù. Mo yà síbẹ̀. Obìnrin kan ń rin gbágùúdá, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan sì ń yí níwájú rẹ̀, epo ti bo orúkọ ara rẹ̀ pátápátá. Mo kí i, mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún wo lẹ ra ẹ̀rọ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, èmi kọ́ ni mo rà á. Ó ti wà níbí kí wọ́n tó gbé mi níyàwó wá."